Bí Oyin Ṣe Ń La Àsìkò Òjò Kọjá Ní Ẹ̀pẹ́

Nínú oṣù keje ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sin oyin ní Ẹ̀pẹ́ sábà máa ń bá àpótí rẹ̀ lófìfo. Kò sí òkú kòkòrò nílẹ̀, afárá gbẹ táútáú. Àwọn oyin ti ṣí lọ ni.

Òtútù ló ń dán oyin wò ní Yúróòpù. Bí ó bá dé, wọ́n á ṣùrù bo ayaba wọn, wọ́n á máa gbọ̀n kí ara wọn lè móoru, wọ́n á sì máa lá oyin tí wọ́n tò pamọ́ títí òdòdó á fi tún yọ. Wọn kò ní ibi tí wọ́n lè sá lọ. Oyin tiwa kì í fara da ìyà bẹ́ẹ̀. Bí ebi, ọ̀rinrin tàbí èèrà bá dà á láàmú, yóò wábi gbà.

Òjò ló ń fa ebi ọ̀hún. Kì í jẹ́ kí oyin jáde, ó sì ń fọ omi dídùn inú òdòdó dànù. Káṣú àti máńgòrò ti tanná tán kó tó dé, bẹ́ẹ̀ ẹnu tó ń jẹ nínú àpótí ṣì pọ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọjọ́ ìkórè, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ni ọ̀rọ̀ òjò ti bẹ̀rẹ̀. Afárá tí ọmọ wà nínú rẹ̀ kò ṣeé gé rárá, ó sì yẹ kí afárá mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó kún fún oyin ṣẹ́kù fún àwọn tó ni ín. Ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀ ti lé wọn lọ kí ẹ̀kán òjò kan tó bọ́.

Kò dìgbà tí wọ́n bá ń ṣí àpótí nínú òjò kí wọ́n tó mọ̀ bóyá oúnjẹ wà. Ibi tí ọmọ oyin wà máa ń gbóná tó ìwọ̀n 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, atẹ́gùn tútù lè pa wọ́n. Kí a fi ọwọ́ kan gbé ẹ̀yìn àpótí díẹ̀ ti tó. Bó bá wúwo, ó dáa. Bó bá fúyẹ́ bí agolo òfìfo, wọ́n nílò ṣúgà.

Ife ṣúgà kan sí ife omi gbígbóná kan ni wọ́n ń pò, tí wọ́n á jẹ́ kó tutù. Wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò, wọ́n á fi ìṣó tín-ín-rín lu ìdérí rẹ̀ ní ihò bíi márùn-ún, wọ́n á sì dojú rẹ̀ délẹ̀ nínú àpótí, lórí igi wẹ́wẹ́ méjì. Yóò kọ́kọ́ kán díẹ̀, yóò sì dáwọ́ dúró. Ahọ́n oyin ni yóò máa fa ìyókù jáde. Ìrọ̀lẹ́ ni kí wọ́n gbé e sí i, torí bí ṣúgà bá kán síta lọ́sàn-án, oyin ibòmíràn á wá jalè, ìjà á sì bẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Páànù ló ń bo àpótí, iwájú rẹ̀ á sì rẹlẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ díẹ̀ kí omi má baà wọlé. Wọ́n máa ń ki ẹsẹ̀ tábìlì rẹ̀ bọ inú agolo tí wọ́n da ọ́ìlì mẹkáníìkì sí, kí ìjàlọ má baà gùn ún. Àmọ́ orí omi ni ọ́ìlì ń léfòó sí: bí òjò bá kún agolo, ọ́ìlì á ṣàn dànù, omi nìkan ni yóò kù. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì gé koríko ibẹ̀, nítorí ewé kan ṣoṣo tó bá kan àpótí ti di àtẹ̀gùn fún èèrà.

Bí òjò bá ti ń dáwọ́ dúró, tí ewé Akíntọ́lá fẹ́ máa tanná, wọ́n á yọ ìgò ṣúgà kúrò, kí ó má baà dà pọ̀ mọ́ oyin tí aráàlú máa rà.