Bátìrì háíbírìdì: tuntun, àtúntò, tàbí àlòkù?

Bátìrì méjì ló wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ háíbírìdì, ìyẹn ọkọ̀ tó ń lo ẹ́ńjìnnì epo àti ẹ̀rọ oníná pọ̀. Kékeré kan wà, ti volt 12, tó ń gbé iná fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ àti àwọn iná gbogbo. Ńlá kan sì wà, tó sábà máa ń wà lẹ́yìn ìjókòó ẹ̀yìn tàbí lábẹ́ rẹ̀, òun ló ń fún ẹ̀rọ oníná tó ń ran ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ ní agbára. Kò sí bí ti ńlá ṣe le pé tó, bí ti kékeré bá ti rọ, ọkọ̀ lè má dìde rárá. Iná ìkìlọ̀ á tàn bí ẹni pé gbogbo nǹkan ló bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó ni ọkọ̀ á sì gbà pé bátìrì ńlá ti kú. Ẹ yẹ ti kékeré wò kí ẹ tó náwó sórí ti ńlá. Owó tó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe kékeré.

Bátìrì ńlá yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí òun ni wọ́n ti ń rẹ́ àwọn ènìyàn jẹ jù. Ẹ jẹ́ ká mú Toyota Prius tí wọ́n ṣe láàárín 2004 sí 2009 bí àpẹẹrẹ. Mọ́júùlù 28, ìyẹn bátìrì kéékèèké tó para pọ̀ di ńlá, ló wà nínú bátìrì rẹ̀, wọ́n tò wọ́n sára wọn bí ìwé inú páálí. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà ló wà nínú mọ́júùlù kọ̀ọ̀kan, sẹ́ẹ̀lì kan sì ń mú nǹkan bíi volt 1.2 wá. Ìdí nìyẹn tí mọ́júùlù kan fi jẹ́ volt 7.2, tí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ sì fi jẹ́ volt 201.6. Wọ́n so wọ́n pọ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé ni, iná tó bá gba inú ọ̀kan kọjá ló ń gba inú gbogbo wọn kọjá.

Ìsopọ̀ yẹn ni kókó ọ̀rọ̀. Ẹ wo ènìyàn mẹ́wàá tó jọ gbé ìtì igi kan léjìká. Bó bá rẹ ẹnì kan nínú wọn, gbogbo wọn ni yóò dúró, bí agbára tilẹ̀ kù nínú mẹ́sàn-án yòókù. Bẹ́ẹ̀ ni mọ́júùlù tó rẹ̀ kan ṣe ń dá gbogbo bátìrì dúró. Òun ló kọ́kọ́ ń tán bí ọkọ̀ bá ń lo iná inú bátìrì, òun ló sì kọ́kọ́ ń kún bí ọkọ̀ bá ń cháàjì, èyí á mú kó gbóná, ooru náà á sì tún mú un gbó sí i. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń wo àwọn mọ́júùlù náà ní méjì-méjì. Bí méjì kan bá ti yàtọ̀ jù sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò tan iná ìkìlọ̀, kóòdù (nọ́ńbà àṣìṣe tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò ń kà) tó sì sábà máa ń yọ ni P0A80.

Nítorí náà, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra bátìrì mìíràn ni pé: ṣé àwọn mọ́júùlù inú rẹ̀ bára dọ́gba? Agbára ńlá nínú díẹ̀ lára wọn kò ṣe àǹfààní kan. Mọ́júùlù tuntun nínú irú bátìrì yìí máa ń gba 6.5 Ah (ampere-hour, ìwọ̀n iye iná tó lè gbà pamọ́). Bí wọ́n bá fún mi ní bátìrì tí gbogbo mọ́júùlù rẹ̀ jẹ́ 4.5, tí wọ́n sì fún mi ní òmíràn tí díẹ̀ jẹ́ 6 tí díẹ̀ sì jẹ́ 3, ti àkọ́kọ́ ni màá mú láìronú lẹ́ẹ̀mejì.

Ibí yìí ni bátìrì àtúntò ti ń dá wàhálà sílẹ̀. Ohun tí àtúntò ń túmọ̀ sí lọ́wọ́ ẹnì kan yàtọ̀ sí ohun tó túmọ̀ sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹnì kan á tú bátìrì palẹ̀, á cháàjì mọ́júùlù kọ̀ọ̀kan, á tú iná inú rẹ̀ jáde, á tún un ṣe lẹ́ẹ̀mélòó kan, á kọ iye agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, á sì kó àwọn tó dọ́gba jọ. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, ó sì ń gba ọjọ́. Ẹlòmíràn á yọ ọ̀kan ṣoṣo tó kú, á fi àlòkù mìíràn dí àyè rẹ̀, á pa kóòdù rẹ́, iṣẹ́ parí. Ọkọ̀ á rìn. Ṣùgbọ́n àwọn 27 yòókù ti jọ gbé ìgbà kan náà, ooru kan náà ló sì ti pa gbogbo wọn. Kò ní pẹ́ tí òmíràn yóò fi tẹ̀lé e, owó iṣẹ́ á sì tún jáde. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ láti fi ọkọ̀ délé, ṣùgbọ́n kí wọ́n má tà á fún un gẹ́gẹ́ bíi bátìrì àtúntò.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ìyàtọ̀? Ẹ béèrè àkọsílẹ̀ agbára mọ́júùlù kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tó ń tà á bá fi mítà wọn volt nìkan, tí gbogbo wọn ń ka 7.8, ìyẹn kò tíì sọ nǹkan kan. Bátìrì tó ti rẹ̀ lè ka volt tó dára nígbà tó bá sinmi, iṣẹ́ ló ń tú u fó. Ẹ ní kó fi gílóòbù iná iwájú ọkọ̀, ti volt 12 àti 55 watt, sórí mọ́júùlù fún ìṣẹ́jú bíi méjì, kó sì máa wo bí volt ṣe ń lọ sílẹ̀. Èyí tó bá já lulẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kò yẹ láàárín wọn. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá sì ti kú pátá nínú mọ́júùlù, kò tilẹ̀ nílò gílóòbù: volt rẹ̀ á ti dín ní nǹkan bíi 1.2 sí 1.3 nígbà tó bá sinmi.

Àlòkù tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ tó ní ìjàǹbá kò burú ní gbogbo ìgbà, bí ẹ bá mọ ọdún ọkọ̀ náà àti iye tó ti rìn. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, orí ìrètí lẹ kọ́lé sí. Tuntun láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló dájú jù, òun ló sì wọ́n jù. Àwọn mìíràn náà ń ṣe tuntun fún irú ọkọ̀ yìí, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ rí róbótó. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n ṣe é, torí irú bátìrì tó wà nínú ọkọ̀ yìí, nickel-metal hydride, tí wọ́n ń kọ ní NiMH, ń sọ iná nù bó bá wà nílẹ̀ pẹ́.

Àwọn kan tún ń tà ti lithium láti fi rọ́pò NiMH. Ó fúyẹ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yẹn ti kọ́ láti máa fi ìṣesí NiMH ṣírò iye iná tó kù, lithium kò sì ń ṣe bákan náà. Ohun tí mo fẹ́ rí ni pé kó ní ẹ̀rọ ìdáàbòbò tirẹ̀ tó ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ń tà á sì lè ṣàlàyé bí ó ṣe ń bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe da lithium pọ̀ mọ́ NiMH nínú páálí kan.

Ẹ má rà láìmọ ọkọ̀ tí ẹ ń rà á fún. Mọ́júùlù volt 7.2 kan náà ló wà nínú Camry háíbírìdì ti 2007 sí 2011, ṣùgbọ́n 34 ni tirẹ̀, volt 244.8, Toyota Aqua ti 2011 sí 2021 sì ní 20, volt 144. Orúkọ ọkọ̀ nìkan kò tó, ọdún àti nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ọkọ̀ ló yẹ kí ẹ fi rà á.

Nǹkan mẹ́ta kan wà tó máa ń fara jọ ikú bátìrì, èyí sì dùn mí, torí ọ̀pọ̀ ló ti ra bátìrì tí wọn kò nílò. Àkọ́kọ́ ni àwọn bàbà pẹlẹbẹ tó so mọ́júùlù pọ̀. Wọ́n ń dípẹtà, kọ̀ǹpútà á sì máa ka volt lódì. Ìkejì ni kóòdù P0AA6, tó ń sọ pé iná ńlá ń jò lọ sára ọkọ̀. Mọ́júùlù tó ń jo omi lè fà á, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù tàbí gíà náà lè fà á. Ìkẹta ni fáànù tó ń tu bátìrì lára. Ihò tó ń fa atẹ́gùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, eruku àti irun ajá a sì máa dí i. Bí wọn kò bá tú fáànù náà kí wọ́n fọ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ bátìrì, ooru tó pa ti àtijọ́ á pa ti tuntun.

Wáráńtì náà nílò kíkà. Ṣé wọ́n á gbé odindi bátìrì mìíràn fún yín, àbí mọ́júùlù kan ni wọ́n á máa pààrọ̀ nígbàkúùgbà? Ta ló ń san owó iṣẹ́? Oṣù mẹ́fà pẹ̀lú odindi bátìrì sàn lójú mi ju ọdún kan tó jẹ́ mọ́júùlù lásán lọ.

Volt 200 tí ń lọ ní ọ̀nà kan ṣoṣo lè pa ènìyàn. Ẹni tó máa ṣiṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ yọ púlọ́ọ̀gì ìdáàbòbò aláwọ̀ ọsàn, kó dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí iná tó kù nínú ẹ̀rọ tán, kó sì wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ṣe fún iná ńlá. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń fi ọwọ́ lásán kàn án, ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ síbòmíràn. Ti àtijọ́ tí wọ́n yọ, ẹ dá a padà fún ẹni tó ta tuntun. Ọ̀pọ̀ máa ń yọ owó kan kúrò nítorí rẹ̀, torí pé nickel inú rẹ̀ ṣeé tún lò. Omi inú rẹ̀ ń jó ènìyàn lára, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọ́ ọ nílé.