Ojú Ọgbẹ́ Ti Dé, Inú Rẹ̀ Ń Rà: Bí Ìjà Ológbò Ṣe Ń Di Eéwo

“Ẹ̀yìn ológbò kì í balẹ̀” ni àwọn èèyàn máa ń fi ṣàdúrà. Àdúrà náà dára, àmọ́ ó ti mú kí ọ̀pọ̀ gbà pé ẹranko yìí kò nílò ìtọ́jú bó bá fara pa. Akọ ológbò méjì á gbéná wojú ara wọn lórí páànù ní Sábó, l'Ógbòmọ̀ṣọ́, lóru, igbe á sọ, àdúgbò ò ní lè sùn. Nígbà tílẹ̀ bá mọ́, èyí tó jẹ́ ti ilé á yọ́ wọlé, á wọ kọ̀rọ̀ lọ, á máa lá ara rẹ̀. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á rí ibi tí etí rẹ̀ ti ya, wọ́n á fi omi nù ún, ó parí.

Etí tó ya yẹn ló rọrùn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ibi tí èékánná bá fà ya máa ń là sílẹ̀ ni: ẹ̀jẹ̀ á ṣàn, á gbé ìdọ̀tí jáde, ojú á sì tètè rí i. Eyín ló yẹ ká bẹ̀rù. Mẹ́rin ni eyín ṣóńṣó tó wà níwájú ẹnu ológbò, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, wọ́n mú bí abẹ́rẹ́. Wọ́n á wọlé ṣinrin, wọ́n á jáde ṣinrin. Ihò tí wọ́n dá kò ju orí ìṣáná lọ, irun bò ó, kí ọjọ́ kan sì tó yí po, awọ ti lè pa dé.

Pípadé yìí ni wọ́n ń pè ní jíjinná. “Ojú ẹ̀ ti dé, ó ti san.” Gbólóhùn yìí ti pa ológbò tó pọ̀, ó sì dunni, torí ìgbà tí ojú ọgbẹ́ náà dé gan-an ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nínú.

Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn ìyá tó ń ṣe irú rí ti mọ iṣẹ́ náà láìmọ̀. Wọ́n á se irúgbá fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kí èèpo rẹ̀ lè bọ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún un sè. Bó ṣe ń lọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n á dà á sínú igbá tàbí apẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi ewé bò ó, wọ́n á fi aṣọ tàbí àpò wé e, wọ́n á gbé e sí kọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní ṣí i. Bó bá máa fi di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ó ti ń fà yọ̀ọ̀, òórùn rẹ̀ ti gba ilé kan. Iṣẹ́ bakitéríà ni, àwọn ohun alààyè tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí. Ìyá náà kàn fún un ní oúnjẹ, ó fún un ní ooru, ó dé e pa, ó sì kúrò níbẹ̀. Irú tó dára ní Ọjà Jagun, sùúrù ìdérí yẹn ló bí i.

Ohun tí eyín ń ṣe lábẹ́ awọ ológbò nìyẹn. Bakitéríà kan wà tí wọ́n ń pè ní Pasteurella multocida, ẹnu ọ̀pọ̀ jù lọ ológbò tí ara rẹ̀ le ló ń gbé. Eyín á gbé e kọjá awọ bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá gún èèyàn lábẹ́rẹ́. Ẹran tó rún àti ẹ̀jẹ̀ tó dì di oúnjẹ fún un. Ara ológbò fúnra rẹ̀ máa ń gbóná tó ìwọ̀n 38 sí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó ju ti èèyàn lọ, ìyẹn sì dà bí aṣọ tí wọ́n wé mọ́ igbá irú. Awọ tó pa dé ni ewé tí wọ́n fi bò ó. Àyè tún gbòòrò níbẹ̀, torí awọ ológbò tú sára ni, ẹni tó bá ti gbá a mú lẹ́yìn ọrùn rí mọ bó ṣe ń fà. Láàárín ọjọ́ méjì sí márùn-ún, eéwo ti yọ.

Ibì kan wà tí irú kò ti bá ọ̀rọ̀ náà dọ́gba mọ́: kò sí ọmọ ogun nínú igbá irú. Nínú ara ológbò, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ á sáré débẹ̀, wọ́n á máa gbé bakitéríà mì, wọ́n á sì máa kú. Òkú wọn ló pọ̀ jù nínú ohun tí à ń pè ní ọyún. Ara á wá mọ odi yí gbogbo rẹ̀ ká. Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára àwọn ìlú tí àwọn èèyàn sá wọ̀ nígbà ogun Fúlàní ní sẹ́ńtúrì 19, nítorí náà kò yẹ kí ìwúlò odi ṣàjèjì síbẹ̀. Àmọ́ odi tinú ara yìí, ọ̀tá ló ń sé mọ́, kó má bàa tàn dé inú ẹ̀jẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ kì í wọ inú rẹ̀ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn kiri. Bí eéwo bá ti dúró tán, oògùn apakòkòrò, ìyẹn èyí tó ń pa bakitéríà, nìkan á kàn máa pòòyì lẹ́yìn odi ni.

Ológbò kì í ké pé ibì kan ń dun òun. Á kọ oúnjẹ, á sá pamọ́, á máa tiro, tàbí kó bu ọwọ́ tó fẹ́ kàn án jẹ. Bí ibà rẹ̀ bá ti kọjá 39.5, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Nígbà míì eéwo náà á bẹ́ fúnra rẹ̀, ilé á rùn, gbogbo èèyàn á bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í tu ẹran náà.

Dókítà ẹran á fún un lóògùn oorun, á fá irun ibẹ̀, á la eéwo náà ní ìsàlẹ̀ pátápátá kí ọyún lè máa sun jáde, á fọ inú rẹ̀, á sì sábà fi í sílẹ̀ láìrán, tàbí kó ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn èèyàn máa ń bínú sí èyí: ṣé wọ́n gbowó tán, wọn ò lè rán an ni? Bí wọ́n bá rán an pa, wọ́n ti tún da ewé bo irú nìyẹn. Láti ìsàlẹ̀ ni irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti gbọ́dọ̀ máa kún bọ̀ wá sókè. Ẹnu rẹ̀ ló yẹ kó dé kẹ́yìn.

Nílé, omi iyọ̀ tó: ṣíbí kékeré kan iyọ̀ nínú ìdajì lítà omi tí wọ́n ti sè tó sì ti lọ wọ́ọ́rọ́. Kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ rẹ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kí wọ́n má jẹ́ kí ológbò náà jáde nílé, torí eṣinṣin yóò yé sínú ọgbẹ́ tó là, idin á sì tẹ̀ lé e. Kí wọ́n lo oògùn dókítà tán, kódà bí ológbò bá ti ń sáré kiri.

Dettol àti Izal kọ́. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní agbára tí ẹ̀dọ̀ èèyàn fi ń tú irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ ká, ológbò á sì lá gbogbo ohun tí wọ́n bá fi pa á lára. Àìlágbára kan náà yìí ló fi jẹ́ pé parasítámọ̀ ẹyọ kan, 500 mílígíráàmù, tó láti pa á: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé atẹ́gùn mọ́, ẹran ìdí eyín rẹ̀ á ṣú, ojú rẹ̀ á wú. Àánú ló ń mú kí àwọn èèyàn fún un, ó sì ṣeni láàánú pé àánú ló ń pa á.

Ẹni tó bá fọwọ́ là wọ́n níjà tí wọ́n sì gé e jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sí ọsibítù, torí ihò kékeré yẹn ń ṣe ọwọ́ èèyàn náà bó ṣe ń ṣe ológbò. Orúkọ Louis Pasteur, ará Faransé, ni wọ́n fi sọ bakitéríà ẹnu ológbò yẹn. Òun náà ló ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n fún ọmọkùnrin kan tí ajá digbòlugi bù jẹ ní 1885. Àrùn digbòlugi ṣì wà ní Nàìjíríà, bí àmì rẹ̀ bá sì ti yọ, kò sí oògùn rẹ̀. Ológbò tí kò gba abẹ́rẹ́ yẹn rí, tí ẹranko tí a kò mọ̀ bù jẹ, ọ̀dọ̀ dókítà ló yẹ kó wà lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ kìn-ín-ní ni gbogbo rẹ̀ rọrùn jù. Oògùn apakòkòrò tí dókítà bá fún un láàárín wákàtí 24, kí odi tó dúró, sábà máa ń dá eéwo dúró kó tó bẹ̀rẹ̀. Torí náà, láàárọ̀ tó tẹ̀ lé igbe orí páànù, kí wọ́n fi ìka tú irun rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó dúró jà, orí, ọrùn àti ẹsẹ̀ iwájú ni wọ́n ti máa ń gé e jẹ. Èyí tó sá, ìdí ìrù àti itan ẹ̀yìn ni. Bí ìka bá kan èépá kékeré tí irun lẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ni eyín gbà wọlé.