Iná kan, ìbéèrè méjì: bí kámẹ́rà infrared ṣe ń wá paratáírọ́ìdì nínú iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀

Tí wọ́n bá fẹ́ yọ gẹ̀gẹ̀, ọ̀kan nínú nǹkan tó máa ń da dókítà láàmú ni àwọn gíláǹdì kéékèèké mẹ́rin tó sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn táírọ́ìdì, ìyẹn gíláǹdì ọrùn tó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀. Paratáírọ́ìdì ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹyọ kan ò fi bẹ́ẹ̀ ju hóró ìrẹsì lọ, ó jọ ọ̀rá, ó tún jọ àwọn kókó tó máa ń wú lọ́rùn téèyàn bá ń ṣàìsàn. Àwọn ló ń ṣètò kálísíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ o, tí wọ́n bá ṣèèṣì yọ wọ́n tàbí gé iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún wọn, kálísíọ́mù á já wálẹ̀, ẹnu àti orí ìka á máa ṣe bí ẹni pé eèrà ń rìn níbẹ̀, iṣan ara á máa fà, ẹlòmíì á sì máa lo oògùn kálísíọ́mù títí ayé.

Iṣẹ́ abẹ tí kì í la ọrùn wá tún mú un le sí i. Èyí tí wọ́n ń pè ní TOETVA, tí dókítà Angkoon Anuwong ní Bangkok gbé jáde lọ́dún 2016, inú ètè ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń wọlé, ihò mẹ́ta péré, wọ́n á fẹ́ gáàsì síbẹ̀ kí àyè lè wà, kò ní sí àpá kankan lọ́rùn. Ó dáa gan-an, àmọ́ dókítà ò lè fọwọ́ tẹ ibẹ̀ wò mọ́, ojú síkíríìnì nìkan ló kù fún un.

Nǹkan tó wá ń ràn án lọ́wọ́, ara gíláǹdì yẹn gan-an ló ti wá. Ní Vanderbilt University ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ olùwádìí Anita Mahadevan-Jansen gbé e jáde lọ́dún 2011 pé tí wọ́n bá tan iná infrared bíi 785 nanómítà (òun ni wọ́n fi ń wọn ìgbì iná) sí ọrùn, paratáírọ́ìdì á tan iná tiẹ̀ padà ní bíi 820 sí 830, á sì mọ́lẹ̀ ju táírọ́ìdì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ, láìfún aláìsàn ní nǹkankan. Ṣé ẹ mọ iná búlúù tí wọ́n fi ń wo owó ní báǹkì, tí àmì kan á kàn tàn yòò lára náírà? Irú ẹ̀ náà ni, àfi pé ojú lásán ò lè rí tibí. Asẹ́ kan wà níwájú kámẹ́rà tó ń dí iná tí wọ́n rán lọ, tó wá ń jẹ́ kí èyí tó padà wá kọjá, torí èyí tó padà yẹn ò lágbára rárá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pa iná tíátà tàbí kí wọ́n yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́dún 2018 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ẹ̀rọ méjì, Fluobeam 800 tó jẹ́ kámẹ́rà, àti PTeye tó dà bíi bírò tí wọ́n ń fi kan ara, tó máa ń dún tó bá kan paratáírọ́ìdì.

Kì í ṣe idán sha. Mìlímítà díẹ̀ niná yẹn lè wọ inú ara, tí ọ̀rá bá bò ó mọ́lẹ̀ kò ní hàn, ọ̀rá kan sì wà tóun náà ń tàn.

Wàhálà tó wá tóbi jù ni pé gíláǹdì tó ti kú ṣì ń tàn! Kódà tí wọ́n bá ti yọ ọ́ kúrò lára. Ìyẹn wúlò lọ́nà kan, torí wọ́n lè tan iná sí gẹ̀gẹ̀ tí wọ́n yọ kó tó lọ sí láàbù, tí paratáírọ́ìdì kan bá bá a lọ, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á gbìn ín sínú ẹran ọrùn. Àmọ́ iná yẹn ò lè sọ bóyá èyí tó kù lọ́rùn ṣì ń rí ẹ̀jẹ̀.

ICG (indocyanine green) ló ń dáhùn ìyẹn. Oògùn aláwọ̀ ewé ni, wọ́n á fà á sí iṣan, á lẹ̀ mọ́ púrótéènì inú ẹ̀jẹ̀, ibi tẹ́jẹ̀ bá dé lòun náà máa tàn dé. Wọ́n á wá fún gíláǹdì kọ̀ọ̀kan ní máàkì: èyí tó bá funfun lójú síkíríìnì gba 2, eléérú gba 1, èyí tó dúdú gba 0. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Geneva, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2016, kò sẹ́ni tí ó kéré tán ọ̀kan nínú gíláǹdì ẹ̀ gba 2 tí họ́mọ̀nù paratáírọ́ìdì ẹ̀ já wálẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń kó ICG dànù, ìdajì ẹ̀ á ti lọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin, wọ́n lè tún un fà. Àmọ́ ìwákiri ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, torí iná ICG àti ti gíláǹdì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà lójú kámẹ́rà, tí wọ́n bá ti fà á wọlé báyìí, gbogbo ọrùn ló máa mọ́lẹ̀, táírọ́ìdì náà á tàn, kò ní sí bí wọ́n ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ paratáírọ́ìdì mọ́.