Adájọ́ 7, àti ọwọ́ tó ń yàn wọ́n ní Àjàṣẹ́

Bí àgbẹ̀ kan ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, bá rí i pé àwọn agbófinró fi ẹ̀tọ́ òun du òun, ó lè kọ lẹ́tà fúnra rẹ̀ sí Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ ní Kútọnu. Kò nílò lọ́yà, kò sì ní san owó kankan. Ohun tí wọ́n máa ń wò lára ìwé náà ni orúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì tí wọ́n fi lè rí i, àti ìbuwọ́lù rẹ̀. Bí kò bá mọ̀wé kọ, kí ẹlòmíì bá a kọ ọ́, kí òun ti àtàǹpàkò bọ yíǹkì, kó tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ìwé. Ìtẹ̀ka yẹn tó.

Ká ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló gbé e dé àgọ́ ọlọ́pàá, tí wọ́n sì tì í mọ́bẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko láìfojú kan adájọ́. Abala 18 òfin ìpìlẹ̀ ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà ní àtìmọ́lé ju wákàtí 48 lọ, àfi bí adájọ́ tí wọ́n mú un lọ bá bá pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Ibi tí òfin bá sì ti fàyè gba àfikún, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 8 lọ. Nígbà tí lẹ́tà bá dé, wọ́n á fi lé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé ẹjọ́ náà lọ́wọ́. Òun ni yóò yẹ ọ̀rọ̀ wò, tí yóò gbọ́ tẹnu àwọn ọlọ́pàá, tí yóò sì gbé àbọ̀ wá fún àwọn yòókù. Ohun tí wọ́n bá sọ, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè gbé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lọ. Abala 124 ní ìdájọ́ wọn de gbogbo aláṣẹ, ìbáà ṣe ológun, ìbáà ṣe adájọ́ ilé ẹjọ́ mìíràn, títí kan ààrẹ orílẹ̀-èdè.

Èèyàn 7 péré ló ń lo agbára yìí. Ìdájọ́ wọn là ń gbọ́ lórí rédíò. Bí wọ́n ṣe dórí àga ni a kì í sábà béèrè.

Bí wọ́n ṣe kọ òfin ìpìlẹ̀ ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990, abala 115 ló pín iṣẹ́ yíyàn náà. Ààrẹ orílẹ̀-èdè yóò yan 3. Ìgbìmọ̀ tó ń darí Ilé Aṣòfin, tí gbogbo wa ń pè ní Bureau, yóò yan 4. Nínú àwọn 7 yìí, 3 gbọ́dọ̀ jẹ́ adájọ́ tó ti lo ọdún 15 ó kéré tán lẹ́nu iṣẹ́. 2 jẹ́ àgbà amòfin, yálà ọ̀jọ̀gbọ́n tàbí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òfin, táwọn náà ti lo ọdún 15. 2 yòókù jẹ́ èèyàn tí iṣẹ́ rẹ̀ ti fún lórúkọ rere láwùjọ. Ọdún 5 ni àsìkò wọn, wọ́n sì lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tó lè yọ wọ́n kí àsìkò wọn tó pé. Àwọn fúnra wọn ló ń dìbò yan ààrẹ ilé ẹjọ́ láàárín ara wọn, ṣùgbọ́n adájọ́ tàbí amòfin ló gbọ́dọ̀ jẹ́.

Ẹ tún wo iye yẹn: 4 nínú 7. Ìyẹn ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú ilé ẹjọ́ Kútọnu, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni wọ́n ti ń yàn án, níbi tí Ilé Aṣòfin fìdí sí, tí wọ́n ti jókòó fún ọdún gbọọrọ nínú ààfin tí àwọn gómìnà Faransé kọ́. Èèyàn 7 ló wà nínú Bureau náà: ààrẹ ilé, igbákejì 2, àwọn 2 tó ń mójú tó owó àti ohun ìní ilé, àti akọ̀wé 2. Àwọn aṣòfin ló ń dìbò yàn wọ́n, ẹgbẹ́ tó bá sì pọ̀ jù nínú ilé ló máa ń rọ́wọ́ mú. Nítorí náà, ará Àjàṣẹ́ tàbí ará Ṣábẹ̀ẹ́ tó tò sórí ìlà lọ́jọ́ ìdìbò aṣòfin ti ń lọ́wọ́ sí yíyàn adájọ́ 4, bí orúkọ wọn ò tilẹ̀ sí lórí ìwé ìdìbò. Ó wuni kí wọ́n máa sọ èyí fáwọn èèyàn nígbà ìpolongo, ṣùgbọ́n afárá àti kànga ni wọ́n máa ń sọ.

Ṣé ẹni tó jókòó tilẹ̀ ṣe pàtàkì, nígbà tó jẹ́ pé ìwé kan náà ni gbogbo wọn ń kà? Ìtàn ilé ẹjọ́ yìí fi hàn pé ó ṣe pàtàkì gan-an.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1996, Mathieu Kérékou borí Nicéphore Soglo, ààrẹ ìgbà náà, ó sì padà sípò ààrẹ ní oṣù Kẹrin. Ó ti di onígbàgbọ́ nígbà náà. Ìbúra tó wà ní abala 53 bẹ̀rẹ̀ níwájú Ọlọ́run, ó kan ẹ̀mí àwọn babańlá, kó tó kan orílẹ̀-èdè àti àwọn èèyàn Bẹ̀nẹ̀. Nígbà tí Kérékou dé ibi àwọn babańlá, ó fò ó. Ilé ẹjọ́, tí Élisabeth Pognon ń darí, dáhùn pé odindi ni ìbúra, kò ṣe é gé. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọfọ̀ rí yóò mọ ohun tí wọ́n ń sọ: bí gbólóhùn kan bá jábọ́, kò jẹ́ mọ́. Ààrẹ tún ìbúra náà ṣe láìyọ ọ̀rọ̀ kankan. Àwọn adájọ́ ìgbà yẹn di lẹ́tà inú ìwé mú ṣinṣin.

Ọdún 10 lẹ́yìn náà, ilé ẹjọ́ kan náà kọjá lẹ́tà inú ìwé. Àwọn aṣòfin tí a dìbò yàn ní 2003 fún ọdún 4 fi ọdún kan kún àsìkò ara wọn. Àlàyé wọn ni pé kí ìdìbò tiwọn lè bọ́ sí àkókò kan náà pẹ̀lú ti ìjọba ìbílẹ̀, kí ìnáwó lè dín kù. Òfin ìpìlẹ̀ fàyè gba àtúnṣe láìpe ìlú síbi ìdìbò bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún aṣòfin bá fọwọ́ sí i, wọ́n sì pé iye náà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 2006, ilé ẹjọ́ tí Conceptia Ouinsou jẹ́ ààrẹ rẹ̀ fagi lé e nínú ìdájọ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ DCC 06-074. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ìfohùnṣọ̀kan gbogbo ìlú, èyí tí wọ́n ní ní Àpérò Gbogboogbò oṣù Kejì ọdún 1990, ló bí òfin ìpìlẹ̀ náà, kò sì ṣe é yí padà láìsí irú ìfohùnṣọ̀kan bẹ́ẹ̀. Iye ìbò nìkan kò tó. Ọkàn òfin ni wọ́n kà níbí.

Ní 2011, ìdájọ́ DCC 11-067 tún ti èyí lẹ́yìn: ó ní àwọn ohun kan wà tí wọn ò gbọdọ̀ gbé lọ síbi ìdìbò gbogbo ìlú rárá, lára wọn ni àsìkò ààrẹ orílẹ̀-èdè, tó jẹ́ ọdún 5 ẹ̀ẹ̀mejì péré nígbà náà. Robert Dossou ni ààrẹ ilé ẹjọ́ nígbà náà. Òun kan náà ló ṣe olórí ìgbìmọ̀ tó palẹ̀ Àpérò 1990 mọ́. Ibi téèyàn ti ń bọ̀ máa ń hàn nínú bó ṣe ń kàwé.

Èyí tó hàn jù lọ ni ti 2018. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní, ilé ẹjọ́ Théodore Holo dí òfin kan tó fẹ́ gba ẹ̀tọ́ ìyanṣẹ́lódì lọ́wọ́ àwọn adájọ́, òṣìṣẹ́ ìlera àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn. Wọ́n gbé e lé abala 31, tó ní ìjọba mọ ẹ̀tọ́ yìí, ó sì ń dáàbò bò ó. Ní oṣù Kẹfà, àsìkò wọn pé. Àwọn 7 tuntun jókòó, kò sí ojú àtijọ́ kankan nínú wọn, wọ́n sì fi Joseph Djogbénou ṣe ààrẹ, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe mínísítà ètò ìdájọ́ ní ìjọba Ààrẹ Patrice Talon. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà yẹn gan-an, ìdájọ́ DCC 18-141 ní wọ́n lè gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ wọn. Abala 31 kò yí padà. Nọ́ọ̀sì tó ní ẹ̀tọ́ ní oṣù Karùn-ún kò ní in mọ́ ní oṣù Keje. Ó dunni pé ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 2022, Djogbénou fi ipò náà sílẹ̀, ó sì lọ darí ẹgbẹ́ òṣèlú Union Progressiste, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ti Talon lẹ́yìn. Kò rú òfin. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bí adájọ́ yóò ṣe ka òfin, ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ wà lára ohun tó yẹ kó wò.

Ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, tó yàtọ̀ sí Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀, kò lọ́jú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ààrẹ orílẹ̀-èdè ló ń yan olórí rẹ̀ fún ọdún 5 lẹ́yìn tó bá ti gbọ́ èrò Ilé Aṣòfin. Fún àwọn tó kù níbẹ̀, olórí ilé ẹjọ́ náà yóò dárúkọ, ìgbìmọ̀ àgbà àwọn adájọ́ yóò sọ èrò rẹ̀, ààrẹ orílẹ̀-èdè yóò fọwọ́ sí i; ààrẹ kan náà ló sì ń ṣe alága ìgbìmọ̀ àgbà ọ̀hún.

Ní Kétu, ìdílé ọba 5 ló wà, oyè sì ń yí láàárín wọn kí ilé kan má baà sọ ìtẹ́ di tirẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ kò ní irú yíyí bẹ́ẹ̀. Pípín tó pín iṣẹ́ yíyàn sí ọwọ́ méjì dára bí ọwọ́ méjèèjì bá yàtọ̀ síra. Lẹ́yìn ìdìbò oṣù Kẹrin ọdún 2019, tí alátakò kankan kò sí nínú rẹ̀, gbogbo aṣòfin 83 wá láti inú ẹgbẹ́ 2 tó ń ti ààrẹ lẹ́yìn. Ní 2023, ilé ti di aṣòfin 109, alátakò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ààrẹ ni iye tó pọ̀ jù ṣì wà nígbà tí wọ́n yan àwọn 7 tó fi Dorothé Sossa, ọ̀jọ̀gbọ́n òfin, ṣe ààrẹ.

Ohun kan tún wà tó ṣe é tún ṣe láìfọwọ́ kan ẹni tó ń yàn. Ọjọ́ kan náà ni àsìkò àwọn 7 máa ń pé. Ká ní 2 tàbí 3 péré ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan ni, díẹ̀ nínú àwọn tó dá ẹjọ́ oṣù Kìíní ọdún 2018 ì bá ṣì wà nínú yàrá náà ní oṣù Kẹfà, àwọn tuntun ì bá sì kọ́kọ́ bá wọn jiyàn kí wọ́n tó yí i padà.