Ṣé Lóòótọ́ Ni Pé Ẹnu Ni Àdán Fi Ń Yàgbẹ́?

Bí a bá bi àwọn ọmọdé léèrè ní agboolé kan ní Pákátà, ní Ìlọrin, tàbí ní ìlú Ìgbómìnà bí Òmù-Àrán àti Ọ̀rọ̀, pé ibo ni àdán ń gbà yàgbẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò dáhùn kíákíá pé ẹnu tí ó fi ń jẹun náà ni. Wọn kò dá a sọ, nítorí pé ẹnu àgbà ni wọ́n ti gbọ́ ọ, àwọn àgbà náà sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ó ṣáájú wọn. Ọ̀rọ̀ náà ń pa ọmọdé lẹ́rìn-ín, ó sì bá bí ẹran náà ṣe ń dorí kodò mu, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Àdán ní ọ̀nà ọ̀fun, ó ní ikùn àti ìfun, ó sì ní ihò ìdí gẹ́gẹ́ bí ewúrẹ́ àti ológbò ti ní in, ibẹ̀ gan-an ni ìgbẹ́ rẹ̀ ń gbà jáde.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a fi àwọn baba wa ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ohun tí wọ́n fi ojú rí kì í ṣe irọ́. Ẹni tí ó bá lọ sí ìdí igi máńgòrò ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ní àkókò tí èso rẹ̀ ń pọ́n, yóò rí àwọn ìṣù kéékèèké tí a ti fún pọ̀ tí wọ́n fọ́n ká sábẹ́ ẹ̀ka tí àdán ti ń jẹun ní òru mọ́jú. Ẹni tí ó bá sì tan tọ́ọ̀ṣì sí orí igi náà lóru lè rí i kòrókòró pé láti ẹnu àdán ni nǹkan náà ti ń já bọ́. Ojú kò ṣìnà rárá. Èrò tí a gbé ka orí ohun tí ojú rí ni ó ṣìnà, nítorí pé oúnjẹ tí kò tilẹ̀ dé ọ̀fun ni a sọ di ìgbẹ́.

Ẹran tí yóò máa fò kò gbọdọ̀ di ẹrù púpọ̀ sínú, fọ́nrán èso sì wúwo, bẹ́ẹ̀ ni kò fi bẹ́ẹ̀ ṣara lóore. Nítorí náà, bí àdán bá bu èso jẹ, yóò fi eyín rún un, yóò fi ahọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ àjà ẹnu rẹ̀ tí ó rí págunpàgun, omi èso náà àti apá tí ó rọ̀ níbẹ̀ yóò sì wọ ọ̀fun lọ, nígbà tí fọ́nrán tí ó kù yóò di ìṣù pẹlẹbẹ kan tí yóò tu sílẹ̀. Bí àwa náà ṣe ń jẹ ìrèké nìyẹn: a kì í gbé e mì, omi rẹ̀ ni à ń fà, a ó sì tu ìyókù dànù, kò sì sí ẹni tí yóò rí wa kí ó sọ pé ẹnu ni a fi ń yàgbẹ́.

Ìgbà tí ó bá fẹ́ yàgbẹ́ gan-an ni ó ń ṣe ohun tí ó yẹ kí ó ya àwọn ọmọdé lẹ́nu. Ẹsẹ̀ ni àdán fi ń so rọ̀ lórí ẹ̀ka, orí rẹ̀ a sì wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní àtàǹpàkò kan tí ó ní èékánná ní iwájú apá rẹ̀ méjèèjì. Bí ìgbọ̀nsẹ̀ bá gbọ̀n ọ́n, yóò fi èékánná wọ̀nyí di ẹ̀ka mú, yóò ju ẹsẹ̀ sílẹ̀, orí yóò wà lókè, ìdí yóò wà nísàlẹ̀, yóò ṣe ohun tí ó fẹ́ ṣe láìkó ìdọ̀tí bá irun ara rẹ̀, yóò sì tún padà dorí kodò. Gbogbo rẹ̀ kì í pẹ́, inú òkùnkùn sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, ìdí nìyí tí àwọn tí ó rí i fi kéré. Àdán mìíràn kò tilẹ̀ ní dúró di ìgbà tí ó bá bà sórí igi, nítorí pé oúnjẹ kì í pẹ́ nínú rẹ̀: ohun tí ó jẹ lè gba inú rẹ̀ kọjá láàárín wákàtí kan tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó sì lè yà á sílẹ̀ lójú òfurufú.

Òbí tàbí olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí ọmọ fi ojú ara rẹ̀ rí ẹ̀rí lè mú un lọ sábẹ́ igi tí àdán ń wá ní òwúrọ̀, kí wọ́n mú igi gígùn kan dání, kí wọ́n má sì fi ọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀. Oríṣi nǹkan méjì ni wọn yóò rí. Ìṣù fọ́nrán ni àkọ́kọ́, tí ipa àjà ẹnu máa ń hàn lára rẹ̀ nígbà mìíràn, tí kò sì rùn bí ìgbẹ́. Èkejì jẹ́ ohun olómi tí ó ta sára ewé, sára ògiri tàbí sórí páànù ilé, tí hóró kéékèèké sì wà nínú rẹ̀. Èyí èkejì ni ìgbẹ́ àdán. Bí a bá wá rí i lára ògiri, níbi tí kò sí ẹ̀ka kankan lókè, a ó mọ̀ pé ẹni tí ó ń fò lọ ni ó fi í sílẹ̀.

Àwọn hóró inú ìgbẹ́ yẹn ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ju àríyànjiyàn ọmọdé lọ. Ìrókò olúwéré, tí gbogbo wa mọ̀ ní igi ńlá, ní hóró tí ó kéré púpọ̀, àwọn onímọ̀ tí ó ṣe ìwádìí ní Gánà sì rí i pé àdán wà lára àwọn tí ó ń gbin ín káàkiri jù lọ. Bákan náà ni àdán ń jẹ èso igi tí a ń ti ara rẹ̀ rí òrí, tí ó sì ń gbé kóró rẹ̀ jìnnà sí ìdí ìyá rẹ̀ kí ó tó jù ú sílẹ̀. Ní Accra, àwọn onímọ̀ so ẹ̀rọ kékeré mọ́ àdán ńlá aláwọ̀ koríko gbígbẹ tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa náà, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé hóró kékeré tí ó gbé mì lè bá a rìn tó 75 kìlómítà kí ó tó jáde. Bí a bá na okùn tààrà láti Ìlọrin dé Òmù-Àrán, bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó nìyẹn. Ẹyẹlé àti ọ̀kẹ́rẹ́ kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún wa.

Ọ̀rọ̀ irú tún wà níbẹ̀, mo sì gbà pé èyí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ fún ọmọ Kwara èyíkéyìí. Igi irú a máa yọ òdòdó pupa roboto tí ó rọ̀ sísàlẹ̀ lórí ọrùn gígùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìrọ̀lẹ́ sí òru ni òdòdó náà sì ń ṣí tí omi dídùn ń sun nínú rẹ̀. Àwọn àdán kéékèèké tí ń jẹ èso a wá lá omi yìí, lẹ́búlẹ́bú òdòdó a lẹ̀ mọ́ irun àyà àti ojú wọn, wọn a sì gbé e lọ sí orí igi mìíràn, kí òdòdó ibẹ̀ lè di èso. Oyin náà ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n bí Ọlọ́run ṣe dá òdòdó náà, tí ó rọ̀, tí ó ń ṣí lóru, àlejò tí ń fi òru rìn ni ó dúró dè. Ìyá tí ń ṣe irú tà lọ́jà kò lè sọ pé àdán kò kan òun.

Nínú àlọ́ wa, eku kọ àdán, ẹyẹ náà sì kọ̀ ọ́. Ẹyẹ kọ́ lóòótọ́, nítorí pé kò ní ìyẹ́, kò sì ń yé ẹyin: irun ni ó wà lára rẹ̀, ó ń bímọ, ó sì ń fún ọmọ lọ́mú. Kì í sì í ṣe eku. Ìdílé tirẹ̀ dá dúró, oríṣi àdán àti òòbẹ̀ tí ó wà láyé ju 1,400 lọ, àwọn nìkan sì ni ẹranko afọ́mọlọ́mú tí ó ń fi apá ara wọn fò ní tòótọ́. Apá náà kì í ṣe nǹkan mìíràn ju ọwọ́ tí ìka rẹ̀ gùn gan-an lọ, tí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ sì nà láàárín ìka wọ̀nyí.

Ewu tí ó wà nínú ìgbàgbọ́ òdì yìí ni pé ẹran tí a bá ti sọ di ẹlẹ́gbin, tàbí tí a sọ di ẹyẹ àjẹ́ nítorí pé ó ń jáde lóru, ni ọmọdé ń fi rọ́bà ta láìsí ẹni tí yóò bá a wí. Àdán ńlá kì í sábà bí ju ọmọ kan ṣoṣo lọ lọ́dún, ó sì ń gbé ọmọ náà mọ́ àyà nígbà tí ó bá kéré, nítorí náà òkúta kan lè pa méjì. Àjọ IUCN, tí ń tọ́jú ìwé àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu káàkiri ayé, ti ka àdán aláwọ̀ koríko gbígbẹ náà mọ́ àwọn tí ó ti ń súnmọ́ ewu àkúrun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àràádọ́ta ọ̀kẹ́ wọn ṣì ń péjọ sí igbó Kasanka ní Zambia láti oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá lọ́dọọdún. Pípa tí a ń pa wọ́n jẹ àti gígé tí a ń gé àwọn igi ńlá tí wọ́n ń sùn sí ni ó fà á. Ìmọ̀ràn tí a lè fún ọmọ kò le: kí ó má ta àdán, kí ó má fi ariwo tàbí iná lé wọn níbi tí wọ́n ti ń sùn lọ́sàn-án, kí ó sì bẹ bàbá rẹ̀ kí igi ńlá inú ọgbà má di igi ìdáná. Ẹni tí ó bá ń kùn pé wọ́n ń jẹ máńgòrò òun lè tètè ká a bí ó bá ti gbó, nítorí pé èyí tí ó ti pọ́n ni wọ́n ń wá.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tìtorí pé a fẹ́ dáàbò bo àdán kí a sọ pé kí ọmọ máa fi ọwọ́ gbé e. Ní ọdún 1956, ara àdán aláwọ̀ koríko gbígbẹ yìí kan náà ni a ti kọ́kọ́ rí kòkòrò àrùn kan ní Èkó, tí ó jẹ́ ẹbí kòkòrò tí ń fa àrùn dìgbòlugi ajá. Àdán tí ó bá wà nílẹ̀ lọ́sàn-án, tí kò lè fò, ó ṣeé ṣe kí ara rẹ̀ má yá. Kí ọmọ lọ pe àgbàlagbà, kí ó má sì sún mọ́ ọn. Bí ó bá bù ú jẹ tàbí tí ó ya á lára, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ojú egbò náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Èso tí eyín ẹran ti wà lára rẹ̀, kí ó má jẹ ẹ́, kódà bí a bá fọ̀ ọ́.

Ní ti òòbẹ̀, tí ń gbé inú àjà ilé, àwọn ènìyàn a máa pa òwe pé bí a bá wá àdán tì, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Kì í jẹ èso. Kòkòrò tí ń fò ni ó ń jẹ lóru, yànmùyánmú wà lára wọn, ohùn tí ó lọ sókè ju èyí tí etí wa lè gbọ́ ni ó sì fi ń wá wọn nínú òkùnkùn. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá ń rùn nínú ilé, ẹ má ṣe da oògùn apakòkòrò sí àjà, ẹ má sì dí ihò náà lọ́sàn-án, nítorí pé àwọn tí ó bá há sínú yóò kú síbẹ̀, òórùn wọn yóò sì burú ju ti ìgbẹ́ lọ. Ẹ dúró di àkókò tí kò sí ọmọ tí kò tí ì lè fò nínú wọn, kí ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn jáde lọ jẹun lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, kí káfíńtà sì wá dí ojú ihò náà ní alẹ́ ọjọ́ náà kí wọ́n tó padà dé.