“Kò Kúkú Gé E Jẹ”: Ohun Tí Lílé Nìkan Ń Ṣe fún Ẹran Ọ̀sìn

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń jáde lẹ́nu ẹni tí ajá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú agbo àgùntàn ká: “Ẹ má bínú, eré ló ń ṣe. Kò kúkú gé ìkankan jẹ.” Ẹni tó ń sọ ọ́ kì í sábà purọ́. Ohun tó fojú rí ló ń sọ. Ajá sáré, àgùntàn sáré, ajá padà wá bá a pẹ̀lú ahọ́n níta, ó ń mi ìrù, kò sí ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn àgùntàn náà sì ti dúró jẹ́ẹ́ ní igun pápá. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán.

Fún ẹni tó ni àgùntàn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ìgbàgbọ́ pé níbi tí eyín kò bá ti wọ ara, ìpalára kò sí níbẹ̀, ni mo fẹ́ tú wò. Òun gan-an ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn tó fẹ́ràn ẹranko dénú, tí wọn ò lè na ọwọ́ lu ewúrẹ́, máa tú ajá sílẹ̀ lẹ́bàá ẹran ẹlẹ́ran láìfòyà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀ràn náà láti ojú àgùntàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ àti agbo rẹ̀ ni ààbò tó ní. Ojú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ó fi ń rí púpọ̀ nínú ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn láìyí ọrùn, nítorí ẹran tí wọ́n ń dọdẹ rẹ̀ láti ayébáyé ni. Kò mọ̀ pé ajá tó ń bọ̀ yìí ti jẹun yó kó tó kúrò nílé, kò mọ̀ pé orí àga ló ń sùn lálẹ́, kò mọ̀ pé àwọn ọmọdé ń gùn ún lẹ́yìn. Ohun tó mọ̀ ni pé ẹran tó ń jẹ ẹran ti dojú kọ òun. Àyà rẹ̀ á máa já, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á kún fún adrenaline àti cortisol, ìyẹn àwọn èròjà tí ara ń tú jáde nígbà ẹ̀rù, gbogbo agbára tó wà lára rẹ̀ á sì bọ́ sí ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí tí irun rẹ̀ nípọn, ooru ara rẹ̀ kò rí ibi gbà jáde dáadáa. Àgùntàn tó ti dàgbà tàbí tó sanra lè ṣubú kú láàárín eré náà, láìsí pé ajá fi ètè kàn án.

Ibi tí àdánù ti ń pọ̀ jù ni agbo tó lóyún. Oyún àgùntàn jẹ́ nǹkan bí oṣù 5. Ọ̀sẹ̀ 6 tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ ni ọmọ inú ń dàgbà jù, ìgbà náà sì ni ìyá nílò kó máa jẹun déédéé, pàápàá bó bá lóyún ìbejì tàbí ìbẹta. Ẹ wá fi ajá lé e ní irú àkókò yẹn. Ẹ̀rù á mú kó pa oúnjẹ tì. Ọmọ inú kò mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba ìyá. Ó ń bá a lọ láti máa fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ara ìyá á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ọ̀rá tó ti tò pamọ́, ẹ̀dọ̀ kò sì ní lè bá a mu. Àwọn dókítà ẹran mọ àìsàn yìí dáadáa. Àgùntàn á ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ nínú agbo, á máa rìn bí ẹni tí kò ríran, á dùbúlẹ̀, bí ìtọ́jú kò bá sì tètè dé, òun àtọmọ inú rẹ̀ á kú. Ó lè tó ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìlé náà kó tó hàn. Nígbà yẹn, ẹni tó ni ajá ti gbàgbé pé òun gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ ṣàìsàn yìí, oyún kàn máa ń wálẹ̀ lára wọn ni. Òwúrọ̀ ni ẹlẹ́ran á jí bá òkú ọmọ nínú koríko, kò sì ní rí ẹni tó máa bi léèrè.

Bí wọ́n bá ti bímọ, ewu náà kò lọ, ó kàn yí padà ni. Òórùn ni ìyá àgùntàn fi ń dá ọmọ rẹ̀ mọ̀, láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ ni ìmọ̀ náà sì ń fìdí múlẹ̀. Ọmọ náà pẹ̀lú gbọ́dọ̀ mu wàrà àkọ́kọ́, èyí tó nípọn, kíákíá, torí àwọn èròjà tí ń bá àrùn jà kì í gba inú ibi ọmọ kọjá sí ọmọ àgùntàn kó tó wáyé. Inú wàrà yẹn ló ti ń rí wọn. Bí ajá bá tú agbo ká ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀, ìyá lè sá gba apá ibì kan, kí ọmọ ṣubú sí ibòmíràn, kí ìyá má sì gbà á mọ́ nígbà tí wọ́n bá padà pàdé. Ọmọ tí kò rí ọmú fà, tí òtútù sì ń pa, kì í pẹ́ kú. Ta ló máa sọ pé ajá ló pa á, nígbà tí kò sí ojú eyín kankan lára rẹ̀?

Ìfúnpa tún wà níbẹ̀. Agbo tí ẹ̀rù bá bá máa ń rọ́ lọ sí igun kan. Bí wáyà tàbí ògiri bá dá wọn dúró, àwọn tó wà lẹ́yìn á máa gun àwọn tó wà níwájú, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á sì kú torí àìrí èémí mí. Bẹ́ẹ̀ náà ni adìẹ ń ṣe: ajá tó kàn ń gbó tó ń sáré yí ilé adìẹ ká lè mú kí wọ́n kó jọ sí igun kan lórí ara wọn, kí èyí tó kú sì pọ̀ ju èyí tí ajá ì bá fẹnu pa lọ. Àwọn àgùntàn mìíràn á fò sódò, àwọn mìíràn á ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ nínú kòtò. Ní ti màlúù tí wọ́n ń fún wàrà rẹ̀, ẹ̀rù máa ń dí wàrà náà lọ́nà, torí adrenaline kì í jẹ́ kí èròjà tí ń tú wàrà sílẹ̀ ṣiṣẹ́ rẹ̀.

“Àmọ́ wọ́n ti dúró jẹ́ẹ́.” Mo mọ̀. Ẹran tí wọ́n ń dọdẹ rẹ̀ kì í ké ìrora. Èyí tó bá fi àìlera hàn nínú agbo ni ọdẹ kọ́kọ́ ń mú, ìdí nìyẹn tí àgùntàn fi ń pa ìrora mọ́ra. Ìdúró jẹ́ẹ́ tó dà bí ìfọ̀kànbalẹ̀ lójú wa lè jẹ́ ti ẹran tó rẹ̀ tẹnutẹnu, tó ṣì ń ṣọ́ ajá náà. Wọn kì í sì í gbàgbé bọ̀rọ̀. Ní ọdún 2001, Keith Kendrick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Babraham Institute, nítòsí Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwádìí jáde tó fi hàn pé àgùntàn lè dá ojú àgùntàn 50 mìíràn mọ̀, kí ó sì rántí wọn fún ohun tó ju ọdún 2 lọ. Èmi kò rí ìdí tí ẹran tó ní irú iyè báyìí á fi gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n lé e títí ó fi ṣubú.

Nígbà mìíràn pàápàá, ajá ti gé e jẹ, ojú ni kò rí i. Irun àgùntàn máa ń bo ọgbẹ́ mọ́lẹ̀. Ajá lè fẹnu di itan tàbí ọrùn mú kó sì fà á, kí awọ yà kúrò lára ẹran lábẹ́ irun, kí òkè sì wà bó ṣe wà. Eṣinṣin á yé sí i, ìdin á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láàyè, ojú ọgbẹ́ á sì kẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ wá inú irun nìkan ló máa mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ajá náà wàyí, torí kì í ṣe òun ni mo wá bá jà. Raymond Coppinger, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ìṣesí ajá, ṣàlàyé pé ìdọdẹ jẹ́ ìgbésẹ̀ tó so mọ́ra: kí ajá rí ẹran, kó tẹjú mọ́ ọn, kó yọ́ tẹ̀ lé e, kó lé e, kó gbá a mú, kó pa á, kó fà á ya, kó jẹ ẹ́. Àwa èèyàn ló fi yíyan ẹ̀yà ajá tí a ń sìn mú kí àwọn apá kan lágbára, kí apá kan sì rẹlẹ̀. Lára Border Collie, tó jẹ́ ajá tí ń da àgùntàn, títẹjú mọ́ ẹran àti lílé lágbára gan-an, pípa ni kò lágbára. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè wo ojú ajá tó ń sùn nílé kó sọ ibi tí ìgbésẹ̀ náà ti já lára tirẹ̀. Ajá tó lé lásán lónìí lè gbá mú lọ́la, pàápàá bó bá rí ajá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan kún un. Ìdùnnú tó hàn lójú rẹ̀ kò sì fi hàn pé eré ni. Lílé máa ń dùn mọ́ ajá, yálà ó máa pa á tàbí kò ní pa á, yálà ebi ń pa á tàbí ó ti yó.

Èyí ló fà á tí “bí mo bá pè é, ó máa padà” kì í fi í tó. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, bẹ́ẹ̀ ni ajá tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lé ẹran rí. Ó máa ń gbọ́ nílé, ó máa ń gbọ́ nínú ọgbà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó wà lọ́wọ́ yín tó dùn tó ohun tó ń sá níwájú rẹ̀. Bó ṣe ń lé e lẹ́ẹ̀kan sí i náà ló ń kọ́ ọ sí i.

Àwọn kan á ní, “Ajá darandaran ńkọ́? Ṣebí ó ń lé àgùntàn lójoojúmọ́.” Dídà ló ń dà wọ́n, kì í lé wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kan ló ń tẹ̀ lé, ó ń dúró nígbà tí wọ́n bá ní kó dúró, onítọ̀hún sì mọ èyí tó lóyún nínú agbo àti ìgbà tí kò yẹ kí wọ́n yọ wọ́n lẹ́nu rárá. Ajá yín kò ní ìkankan nínú èyí. Pé ó kéré kò gbà á sílẹ̀ bákan náà. Àgùntàn kì í wọn ajá kó tó sá.

Èyí tó máa ń bà mí nínú jẹ́ jù ni ti ajá tó ń jáde fúnra rẹ̀. Ẹni tó ni ín ti lọ síbi iṣẹ́, ajá gba ihò ọgbà jáde, ó ṣe ohun tó ṣe, ó padà sílé kí olówó rẹ̀ tó dé. Onítọ̀hún á búra tọkàntọkàn pé ajá òun kò lè ṣe irú rẹ̀. Bí ẹ kò bá sí nílé, ẹ kò lè jẹ́rìí sí ibi tó wà.

Màlúù yàtọ̀ díẹ̀. Èyí tó ní ọmọ lẹ́yìn kì í sábà sá, ó máa ń yíjú padà kọ ajá náà, ajá á sì sá tọ olówó rẹ̀ lọ. Èèyàn ti kú lọ́nà báyìí. Nítorí náà ni àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ fi ń gbani nímọ̀ràn pé kí okùn ajá máa wà lọ́wọ́ nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n bí màlúù bá ti ń bọ̀ lójú méjèèjì, kí a ju okùn náà sílẹ̀. Ajá lè sá àsálà, èèyàn kò lè sá tó o.

Òfin pàápàá ti mọ̀ pé ìgéjẹ nìkan kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní Bìrìtéènì ní ọdún 1953 ka lílé ẹran lọ́nà tó lè fa ìpalára, ìjìyà, tàbí kí oyún wálẹ̀, mọ́ ìyọlẹ́nu ẹran ọ̀sìn. Ó tún kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ pé kí ajá kàn wà láìsí ìkáwọ́ nínú pápá tí àgùntàn wà. Ní Scotland, láti ọdún 2021, owó ìtanràn rẹ̀ lè dé £40,000, ẹ̀wọ̀n sì lè dé oṣù 12. Ní ọ̀pọ̀ ibi, òfin gba ẹlẹ́ran láyè láti yìnbọn pa ajá tó ń lé ẹran rẹ̀ bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Kò sí ẹlẹ́ran gidi tó ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ débẹ̀.

Ẹ fi okùn sí ajá lọ́rùn kí ẹ tó dé ibi tí ẹran wà, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá rí wọn, torí ajá ti gbóòórùn wọn kí ojú yín tó tó wọn. Ẹ dí ihò ọgbà yín. Bó bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe rọra bá ọ̀nà yín lọ. Ẹ wá ẹni tó ni ẹran náà lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ sọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀, bó ṣe pẹ́ tó, àti èyí tí ajá sún mọ́. Ẹlẹ́ran tó bá tètè gbọ́ á lè wá ojú ọgbẹ́ lábẹ́ irun, á lè kó ọmọ tó sọ ìyá nù padà fún un, á sì lè ránṣẹ́ sí dókítà ẹran kí èyí tó lóyún tó dùbúlẹ̀.