Síkóòpù tòkunbọ̀ tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn: ṣé ó ti kú ni, àbí ẹ ò tíì fọwọ́ kan trigger?

Ohùn kan ń lọ láti orí WhatsApp kan dé òmíràn láàárín àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Ìkòròdú. Ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má ra oscilloscope tòkunbọ̀ mọ́ (síkóòpù la máa ń pè é, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán iná), pé òkú ni gbogbo wọn. Ó ní òun tan ọ̀kan, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Òun tan èkejì, àwòrán rẹ̀ kọ̀, kò dúró lójú kan. Ìbéèrè sì ti ń ya wọlé láti ìgbà náà.

Kí ni síkóòpù ń ṣe tí mítà ò lè ṣe?

Mítà á sọ iye iná fún yín. Síkóòpù á ya bí iná náà ṣe ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀. Ìnfátà méjì lè jọ fi 230 V hàn lójú mítà, kí ti ọ̀kan máa yí roboto bíi ti NEPA, kí ti èkejì máa fò ní igun-igun, tí fáànù á sì máa kùn lórí rẹ̀. Mítà ò ní tú àṣírí yẹn.

Kí ló ń jẹ́ sweep?

Nínú síkóòpù ayé àtijọ́, ìtànṣán kan ló ń lu ẹ̀yìn gíláàsì, ibi tó bá sì lù á tàn. Karl Ferdinand Braun, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣe irú ìgò bẹ́ẹ̀ ní 1897. Iná tí ẹ fẹ́ wò ló ń ti àmì ìmọ́lẹ̀ náà sókè sódò. Sweep ló ń fà á láti òsì lọ sí ọ̀tún láìyí eré padà. Tó bá dé ìpẹ̀kun, ẹ̀rọ á pa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, á dá a padà sí òsì kíá.

Kókó TIME/DIV ló ń pinnu bí eré náà ṣe yá tó. Ẹ fi sí 2 ms (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá): àpótí kọ̀ọ̀kan lójú gíláàsì di 2 ms, mẹ́wàá tó tò láti òsì dé ọ̀tún di 20 ms. Iná wa ní Nàìjíríà jẹ́ 50 Hz, ìyẹn ìyípo àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyípo kan rẹ̀ sì ń gba 20 ms, nítorí náà ìyípo kan ṣoṣo lẹ ó rí.

Trigger ńkọ́?

Sweep ń lọ ó ń bọ̀ láìmọye ìgbà. Bí ìrìn kọ̀ọ̀kan bá ń bẹ̀rẹ̀ níbi ọ̀tọ̀ lára ìgbì, àwọn àwòrán á máa gorí ara wọn, lójú yín á dà bíi pé ó ń sáré. Trigger ló ń dá sweep dúró títí ìgbì á fi tún dé ibi tó wà nígbà tí ìrìn àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Kókó LEVEL ló ń sọ ibi gíga tí ibẹ̀ wà. SLOPE ló ń sọ bóyá ìgbà tí ìgbì ń gòkè ni kó gbéra, tàbí ìgbà tó ń sọ̀kalẹ̀.

Kí Tektronix tó gbé 511 jáde ní Amẹ́ríkà ní 1947, ọ̀pọ̀ síkóòpù ni kò ní trigger. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí eré sweep títí àwòrán á fi dúró. Tó bá tún sá, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí ti ẹni yẹn fi ṣókùnkùn?

Mi ò sí níbẹ̀, àmọ́ MODE, kókó tó ń pinnu ìgbà tí sweep máa gbéra, ni mo kọ́kọ́ fura sí. Bọ́ọ̀sì Kétu ní gáráàjì Ìkòròdú kì í gbéra àfi tó bá kún. NORM nìyẹn: bí kò bá sí èrò, kò sí ìrìn. AUTO ni awakọ̀ tó máa dúró díẹ̀, tí kò bá rí èrò, á kúkú gbéra lófìfo. Ẹni tó tan síkóòpù lórí NORM láìtíì so nǹkan kan mọ́ ọn, òkùnkùn ló máa rí, ẹ̀rọ ò sì ṣẹ̀ ẹ́.

Ẹ fi MODE sí AUTO. Ẹ rí i pé kò sí lórí SINGLE (tó ń rìn lẹ́ẹ̀kan péré) tàbí X-Y (tí kì í lo sweep rárá). Ẹ gbé INTENSITY, kókó ìmọ́lẹ̀, sókè díẹ̀, kí ẹ fi kókó POSITION ti òkè-ìsàlẹ̀ àti ti òsì-ọ̀tún sí àárín. Bí ìlà ò bá jáde lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ lè wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tó tà á.

Ẹ má torí ìyẹn sọ pé AUTO ló dáa jù o. Bí ìgbì bá lọ́ra, tó rẹlẹ̀ ju nǹkan bíi 20 tàbí 30 Hz lọ, sùúrù AUTO á tán kí trigger tó dé, àwòrán á sì tún máa sá. Níbẹ̀ ni NORM ti wúlò.

Èyí tí àwòrán rẹ̀ ò dúró ńkọ́?

LEVEL ni kí ẹ kọ́kọ́ yí, díẹ̀díẹ̀, sí àárín. Bí kò bá gbọ́, ẹ wo SOURCE, kókó tó ń sọ iná tí trigger ń tẹ̀ lé. Àwọn kan á so próòbù (wáyà tí a fi ń kan iná tí a fẹ́ wò) mọ́ CH1, ẹnu ìwọlé àkọ́kọ́, nígbà tí SOURCE wà lórí CH2, ẹnu ìwọlé kejì, wọ́n á wá máa bá kókó jà.

Nínú àwọn ojú SOURCE, LINE ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ní àdúgbò tí jẹnẹrétọ̀ àti ìnfátà pọ̀ sí. Iná tí síkóòpù fúnra rẹ̀ ń jẹ ni LINE ń tẹ̀ lé. Bí síkóòpù bá ń jẹ iná jẹnẹrétọ̀, tí ẹ sì ń wo iná ìnfátà, kálukú ló ní ìwọ̀n eré tirẹ̀: ọ̀kan lè jẹ́ 51 Hz, kí èkejì jẹ́ 50. Àwòrán á máa rọra rìn lọ, ẹ̀yin á máa tú ìnfátà tí nǹkan kan ò ṣe. Ẹ dá SOURCE padà sí CH1.

LINE náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí áńpù bá ń kùn, ẹ fi síkóòpù àti áńpù sórí iná kan náà, kí ẹ yí SOURCE sí LINE. Bí ìgbì ìkùn náà bá dúró gbọnin, ọ̀dọ̀ iná ló ti ń wá. Bó bá ń sá, ẹ wá a gba ibòmíràn.

HOLDOFF ńkọ́?

Òun ló ń sọ bí trigger ṣe máa dúró pẹ́ tó kó tó tún gba ìrìn míràn. Ẹ fi sílẹ̀ lórí MIN, àfi bí ìgbì bá ní ọ̀pọ̀ òkè tó jọra nínú ìyípo kan, tí trigger ò mọ èwo ló fẹ́ mú.

Kí ló dé tí mo ń ka 5 Hz níbi tó yẹ kí n ka 50?

Ẹnì kan ti fa ×10 MAG jáde, kókó tó ń na àwòrán ní ìlọ́po mẹ́wàá láti òsì sí ọ̀tún. Ẹ tì í padà. Bí iye tí ẹ kà bá tún rí wérewère, kókó VARIABLE tó wà lára TIME/DIV ò sí lórí CAL, ojú kan ṣoṣo tí iye TIME/DIV ti tọ̀nà.

Báwo ni mo ṣe lè dán an wò kí n tó sanwó?

Ẹ fi próòbù kan ẹnu CAL tó wà níwájú rẹ̀ (kì í ṣe CAL ti VARIABLE; ẹnu tí síkóòpù fi ń mú ìgbì ìdánwò jáde nìyí). Lára èyí tó pọ̀ jù, ìgbì onígun 1 kHz ló ń jáde níbẹ̀. Ẹ fi TIME/DIV sí 0.2 ms: ìyípo méjì lẹ gbọ́dọ̀ rí, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gba àpótí márùn-ún. Ẹ yí SLOPE: bí àwòrán bá ń fi ìgòkè bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìsọ̀kalẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ẹ bọ́ sórí NORM, kí ẹ yí LEVEL dé òpin: àwòrán gbọ́dọ̀ pòórá. Ẹ dá LEVEL padà, kí ó tún yọ. Bó bá ṣe gbogbo èyí, ara trigger le. Kí ẹ wá yí TIME/DIV yí ká, nítorí eruku lè ti jẹ ojú kan nínú rẹ̀.

Ṣé ó lè pa èèyàn?

Bẹ́ẹ̀ ni, pàápàá ẹni tó bá gé ẹsẹ̀ ilẹ̀ púlọ́ọ̀gì rẹ̀. Kílíìpù dúdú lára próòbù kì í ṣe wáyà lásán. Ara wáyà ilẹ̀ ilé ló so mọ́. Ẹ fi kan iná gidi inú tẹlifíṣọ̀n tàbí ìnfátà, iná á gbà á lọ sílẹ̀, pàrà á dún. Àwọn ọmọṣẹ́ wá gbọ́n, wọ́n gé ẹsẹ̀ ilẹ̀ kúrò. Pàrà ò dún mọ́, àmọ́ gbogbo ara irin síkóòpù ti di iná, ẹ̀yin lẹ sì ń fọwọ́ yí kókó rẹ̀. Tiransífọ́mà tó ya iná sọ́tọ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ sì lò ó fún ẹ̀rọ tí ẹ ń tún ṣe. Síkóòpù ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lórí ilẹ̀. Ẹ rántí pé 230 V tí mítà ń kà, òkè ìgbì rẹ̀ ń kan 325 V, nítorí náà ẹ wo iye tí wọ́n kọ sára próòbù.

Ẹ má ṣí inú síkóòpù nítorí pé ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún V ló ń bọ́ ìgò rẹ̀, ó sì lè ṣẹ́ kù níbẹ̀.

Èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún mi ní àpá dúdú láàárín gíláàsì.

Ẹnì kan fi í sílẹ̀ lórí X-Y pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ gíga, àmì náà dúró lójú kan títí ó fi jó ẹ̀yìn gíláàsì. Kò ṣe é tún ṣe, àmọ́ kò ní kó má ṣiṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n dín owó rẹ̀ kù.